Àpò Káàtì Tí Mo Gbé Sọ̀kalẹ̀ Lórí Òkè

Ìyá mi kì í fi ìwé kankan sílẹ̀ níbi tí ikán lè dé. Ìwé ìrìbọmi rẹ̀, ìwé ìbí mi, àti káàtì ìlera tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un, inú agolo wàrà kan ni gbogbo wọn wà, ó sì fi okùn so agolo náà rọ̀ sí òkè ààrò, níbi tí èéfín ti ń rú bá a lójoojúmọ́. Bí ó bá ṣí i, èéfín ni àwọn ìwé náà ń rùn. Mo mọ òórùn yẹn dáadáa. Ó wà lọ́wọ́ mi ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo jí káàtì náà.

Mo kọ "jí" síbẹ̀. Ó pẹ́ tí mo fi ń sọ pé mo "mú un" ni.

Ẹ̀yìn àwọn òkè Dásà ni ilé wa wà, lọ́nà Kpingni, níbi tí àpáta ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ. Iṣu là ń gbìn láàárín àpáta. Nígbà tí òfin ìlera tuntun dé, ìyá mi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Ohun tí òfin náà wí kò le: kí agbolé kọ̀ọ̀kan dá owó díẹ̀ lẹ́yìn títa iṣu, kí wọ́n gba káàtì tó ní nọ́ńbà, kí ilé ìwòsàn sì tọ́jú ẹni tó bá mú káàtì náà wá kí wọ́n tó bi í ní ohunkóhun. Ṣùgbọ́n òfin náà kò tíì pé ọdún kan nígbà tí ìbò dé, àwọn tó lòdì sí i sì wá pọ̀ sí i ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àjàṣẹ́, olú ìlú wa. Wọ́n ní àwọn yóò fà á ya. Àwọn tó ṣe é ní kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀. Láti orí rédíò ni ìjà náà ti gun òkè wá bá wa. Kò pẹ́ tí a fi fún ara wa lórúkọ: Fà-á-ya ni apá kan, Fi-í-sílẹ̀ ni apá kejì. Ẹni méjì kò lè pàdé nídìí kànga mọ́ láìbi ara wọn léèrè.

"Fà á ya ni, àbí fi í sílẹ̀?"

"Jẹ́ kí n pọn omi mi ná."

"Ẹni tí kò bá dáhùn, Fi-í-sílẹ̀ ni!"

Fà-á-ya ni èmi. Mi ò ní purọ́ pé mo ka òfin náà. Ọdún kejì kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀rẹ́ mi kan mú káàtì rẹ̀ lọ sí ibùdó ìlera abúlé, wọ́n ní oògùn ti tán, ó sì gbé ibà rẹ̀ àti káàtì rẹ̀ padà sílé. Ìyẹn bí mi nínú, ìbínú náà kì í sì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ì bá ti rọlẹ̀, bí kì í bá ṣe ti gbohùngbohùn. Ọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ Fà-á-ya ló gbé e wá láti ìlú, ó ní ohùn mi dára. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, àgbà kankan kò dákẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀ rí. Bí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì nǹkan yẹn, àwọn àgbà a dákẹ́.

Ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa kò ní mọ ohun tí mo bàjẹ́. Ẹnì kan kì í dá kọ ebè lórí òkè. Àáró là ń ṣe: gbogbo wa a kọ ebè oko ẹnì kan lónìí, a kọ ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, kálukú a gbé ọkọ́ rẹ̀ lọ fi ti ògiri ilé ẹni tó kàn, ọkọ́ a sùn síbẹ̀. Bí o bá ti rí ọkọ́ lára ògiri rẹ, o mọ̀ pé èèyàn ń bọ̀. Bàbá kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa ló ń darí rẹ̀, Bàbá Àáró là ń pè é. Ó ní kàyé, ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ̀ búlúù kan, tó ń kọ orúkọ ẹni tó kàn sí. Nígbà tí òfin dé, àwọn alááró ló jọ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ìlú lọ́jọ́ kan náà, ìyá mi láàárín wọn, Bàbá Àáró sì kọ nọ́ńbà kálukú sí ẹ̀yìn kàyé rẹ̀. Ó ní ìwé máa ń sọnù.

Fi-í-sílẹ̀ ni bàbá yẹn, kì í sì í fi bò. Kí òfin tó dé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan kú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn kan, níbi tí wọ́n ti ní kí ó lọ wá owó wá ná.

Ní ìpàdé tí a ṣe lábẹ́ igi máńgòrò, ó dìde, ó ní, "Ẹ má fa aṣọ tí ẹ kò tíì wọ̀ gbó ya." Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí mi orí. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo tẹ bọ́tìnnì.

"Bàbá," mo wí, ohùn mi sì lọ lu àpáta, ó padà wá, "ọmọ yín tó ti kú, ṣé òfin yìí ló máa jí i?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Bàbá Àáró wò mí, ó jókòó, ó sì ń fi ọwọ́ nu orúnkún rẹ̀ bí ẹni pé eruku wà níbẹ̀. Ìyá mi wà lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin. Nígbà tí a délé, ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Ṣé ẹnu rẹ lo fi sọ ìyẹn, àbí ẹnu irin yẹn?"

Ojú tì mí, mo sì sọ ìtìjú náà di agídí. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Bàbá Àáró, mo ní kí ó pa orúkọ ilé wa rẹ́ nínú kàyé rẹ̀, pé a ò bá Fi-í-sílẹ̀ kọ ebè mọ́. Ilé wa ló kàn lọ́sẹ̀ yẹn. Mi ò bi ìyá mi. Ìrọ̀lẹ́ ló tó mọ̀, nígbà tí kò rí ọkọ́ kankan lára ògiri. Ó dúró wo ògiri náà pẹ́.

"Ó dáa," ó ní. "Èmi àti ìwọ náà la ó kọ ọ́."

Ṣùgbọ́n èmi ní ìpàdé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọkùnrin ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pé kí a kó káàtì jọ. Wọ́n fẹ́ dà á sílẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀ ní Àjàṣẹ́, kí gbogbo ayé lè rí i pé àwọn ará òkè ti kẹ̀yìn sí òfin náà. Mo gba ilé dé ilé. Àwọn kan fún mi tayọ̀tayọ̀. Àwọn kan fún mi nítorí pé ojú ń tì wọ́n láti sọ pé rárá. Ìyá arúgbó kan tó ń dá gbé nísàlẹ̀ àpáta ńlá di tirẹ̀ mú díẹ̀ kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ṣé wọ́n máa dá a padà?"

"Ìyá àgbà, wọ́n máa fún yín ní èyí tó dára jù ú lọ."

Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí mo délé, àpò náà kò kún tó bí mo ṣe fẹ́. Ìyá mi wà lóko. Mo gun àpótí, mo tú agolo sílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo so ó padà bí ó ṣe wà, okùn kan náà, kókó kan náà. Mo gbé àpò sọ̀kalẹ̀, mo fi lé ọkùnrin ẹgbẹ́ lọ́wọ́ lójú títì ní Paouignan. Ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n wò, ó ní, "Ọmọ gidi ni ẹ́." Inú mi dùn títí mo fi délé.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán, mo ń fọ alùpùpù mi nígbà tí mo gbọ́ igbe láti apá oko. Kì í ṣe igbe ńlá. Orúkọ mi ni, lẹ́ẹ̀kan péré.

Ìyá mi jókòó lórí òkúta, ó ti fi gèlè rẹ̀ so ẹsẹ̀ òsì nísàlẹ̀ orúnkún. Ebè tó ti kọ kò ju ogún lọ. Koríko gbígbẹ tí àwọn alááró ì bá ti gbá kúrò láti àárọ̀ ọjọ́ kìíní ṣì bo ilẹ̀ káàkiri.

"Nǹkan ilẹ̀ ló kàn mí," ó ní.

A kì í pe ejò lórúkọ níwájú ẹni tó bá bù jẹ. Ó ní òun gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ó tó ṣe é, bí ìgbà tí èèyàn ń fi yanrìn ha ìdí ìkòkò. Nígbà náà ni mo mọ irú èyí tó jẹ́. Èyí kékeré aláwọ̀ yanrìn yẹn kì í pani kíákíá. Ó máa ń sọ ẹ̀jẹ̀ di omi ni, ẹ̀jẹ̀ a sì máa wá ibi tí yóò gbà jáde.

"Káàtì mi," ìyá mi wí. "Kọ́kọ́ yà nílé, kí o mú káàtì mi nínú agolo."

Mo pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀. Mo gbé e jókòó sórí alùpùpù, mo wọ ilé ìdáná, mo sì dúró sábẹ́ agolo náà. Mo ṣe bí ẹni ń wá nǹkan, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń wò mí. Lẹ́yìn náà mo jáde.

"Mo ti mú un."

Nínú gbogbo irọ́ tí mo ti pa, òun ló burú jù, nítorí pé ìyá mi gbà mí gbọ́. Mo fi aṣọ so ó mọ́ ẹ̀yìn mi, ó sì gbé orí lé èjìká mi. Nígbà tí a jáde sójú títì, mo rí ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀wù mi, mo rò pé èmi ni mo fara pa. Àárín eyín rẹ̀ ló ti ń jáde.

Ní ilé ìwòsàn ìlú, nọ́ọ̀sì kan gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó fi omi sí i lára. Ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré kan, ó gbé e sórí tábìlì.

"Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bí ẹ̀jẹ̀ yìí bá dì, a ó dúpẹ́. Bí kò bá dì, àfi abẹ́rẹ́ ejò."

"Ṣé ó wà?"

"Ó wà. Inú àpótí òfin ìlera ló wà, nọ́ńbà káàtì sì ni wọ́n fi ń ṣí i. Láìsí nọ́ńbà, ìta lẹ ó ti wá a, mi ò sì mọ̀ bóyá ó wà ní ibì kankan láti ibí dé Kútọnu. Mú káàtì ìyá rẹ wá."

Mo ní ó wà lára alùpùpù. Mo jáde.

Lábẹ́ àtíbàbà, àwọn tó mú aláìsàn wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń gbọ́ rédíò lórí fóònù. Ilé ìgbìmọ̀ ni. Ohùn kan ń wí pé òfin náà gbọ́dọ̀ lọ, òmíràn ń pariwo lé e lórí.

"Ẹ gbọ́ wọn bí ewúrẹ́ tó rí gàrí," obìnrin kan tó ń ta gàrí ní Paouignan wí.

"Kí wọ́n fà á ya jàre," Alájì kan tó ń ta aṣọ lọ́jà dá a lóhùn. "Owó mi ni wọ́n ń gbà, èmi ò sì ṣàìsàn."

"Alájì, kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ìyàwó mi ni ara rẹ̀ kò yá."

"Ẹn-ẹ́n. Káàtì ta ló gbé e wọlé?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Alájì náà rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n rẹ̀. Obìnrin náà wá yíjú sí mi.

"Dúró ná. Ìwọ kọ́ lo ń gbé gbohùngbohùn kiri? Ìwọ lo gba káàtì ìyá mi lórí òkè! Ta lo gbé wá?"

"Ìyá mi. Nǹkan ilẹ̀ ló kàn án."

"Yé! Káàtì tirẹ̀ dà?"

Ẹnu tí mo fi ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo àdúgbò, òun náà ni mo fi sọ ọ́. Mo ní, "Mo kó o mọ́ ti ìyá yín."

Kò sẹ́ni tó bú mi. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Obìnrin náà kàn pa rédíò.

Mo pe ọkùnrin ẹgbẹ́. Ó ní àpò ti lọ sí Àjàṣẹ́ láti àná. "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ o," ó ní, "ọ̀rọ̀ náà ti dé ojú ẹ̀." Kò bi mí bí ìyá mi ṣe ń ṣe sí. Mo padà wọlé. Nọ́ọ̀sì gbé ìgò náà, ó dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ náà ṣàn bí epo pupa tó wà lójú oòrùn.

"Káàtì dà?" nọ́ọ̀sì bi mí.

Ìyá mi la ojú. "Ó ti mú un," ó ní. "Mo ní kó mú un wá."

Mo tún sá jáde. Nígbà náà ni mo rántí kàyé búlúù. Mo wo nọ́ńbà Bàbá Àáró nínú fóònù mi fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí láti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù ọkùnrin arúgbó kan, bí ìyá mi ti wà nínú ilé tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Ta nìyẹn?" Ó mọ ẹni tó jẹ́. "Áà. Gbohùngbohùn ti bàjẹ́ ni, tí o fi ń fi fóònù bá mi sọ̀rọ̀?"

"Bàbá, nǹkan ilẹ̀ kan ìyá mi lóko."

Mo ń gbọ́ ẹyẹ níbi tó wà. "Òun nìkan ló wà lóko?"

"Òun nìkan ni."

"Wọ́n ní abẹ́rẹ́?"

"Wọ́n ní i. Nọ́ńbà káàtì ni wọ́n ń bèèrè."

"Fún wọn ní káàtì rẹ̀."

"Èmi ni mo jí i, Bàbá. Ó ti lọ sí Àjàṣẹ́."

Ohun tí mo ń retí ni pé yóò dárúkọ ọmọ rẹ̀. Kò dárúkọ rẹ̀. "Oko ni mo wà," ó ní, "kàyé wà nílé," ó sì pa fóònù. Kò sọ bóyá òun ń bọ̀.

Mo pè é padà, kò wọlé. Òkè kò jẹ́ kí fóònù gbọ́ra. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí mo ti lè rí ojú títì àti ìgò náà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Glazoué ń kọjá. Mo gbàdúrà, ṣùgbọ́n àdúrà náà kò kọjá gbólóhùn kan: pé kí arúgbó náà má ṣe ohun tí èmi ì bá ṣe.

Oòrùn ti yí díẹ̀ kí Bàbá Àáró tó dé, lẹ́yìn alùpùpù ọmọ Fà-á-ya kan tí òun àti rẹ̀ kì í kí ara wọn mọ́. Erùpẹ̀ oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fa kàyé yọ lábẹ́ ẹ̀wù, ó wọlé láìwò mí, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú nọ́ọ̀sì. Orúkọ ìyá mi wà níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn kò fa ìlà sí i.

"Mo ní kí ẹ pa á rẹ́," mo wí, bí òmùgọ̀.

"Ìwọ lo ní bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ ni mo bá ṣe àáró."

Nọ́ọ̀sì ka nọ́ńbà náà sókè, ó ṣí àpótí, ó gún ìyá mi ní abẹ́rẹ́ náà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Àáró lórí sìmẹ́ǹtì.

"Dìde, ilẹ̀ ilé ìwòsàn dọ̀tí." Ó bọ́ síta, ó jókòó lábẹ́ àtíbàbà, ó ní, "Irú bẹ́ǹṣì báyìí ni mo jókòó sí nígbà tèmi." Ó dúró títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ mìíràn, tí ó retí, tí ó wá dojú ìgò dé. Nǹkan kan kò dà. Ó ti dì.

Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ìyá mi méjì. Ọjọ́ kẹta ni mo sọ fún un nípa agolo. Ó gbọ́ ọ dópin, ó ń wo òkè àjà. Mo ń retí kó ṣépè fún mi tàbí kó sunkún.

"Ti àwọn yòókù ńkọ́?" ó ní.

Mi ò tíì rò ó dé ibẹ̀. Láti ìgbà náà, mi ò tún lè ronú nǹkan mìíràn. Mo ti dá gbohùngbohùn padà. Mo ti da nọ́ńbà àwọn alááró kọ láti inú kàyé, mo pín in fún wọn láti ilé dé ilé, mo sì gbọ́ ohun tó tọ́ kí n gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò sí nínú àáró kò ní nọ́ńbà níbì kankan. Ní ọ́fíìsì ìlú, wọ́n ní wọn kò ní tẹ káàtì tuntun títí ìjà Àjàṣẹ́ yóò fi parí. Kò tíì parí. Wọ́n sún un síwájú, wọ́n tún sún un. Bí mo ṣe ń gbọ́ rédíò báyìí, bí mo ṣe wo ìgò yẹn náà ni.

Àná, mo gbé ọkọ́ mi lọ fi ti ògiri ìyá arúgbó tó bi mí bóyá wọ́n máa dá a padà. Kò sí nínú àáró rí. Ó wo ọkọ́ náà, ó wò mí, kò sọ pé kí n gbé e kúrò. Lónìí láti àárọ̀ ni mo ti ń gbá koríko gbígbẹ kúrò lóko rẹ̀, kí ó lè máa rí ibi tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Mo ń fi igi gbé e díẹ̀díẹ̀. Mo ń dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń tẹ́tí bóyá màá gbọ́ yanrìn lára ìkòkò.